Orúkọ Tí Kò Sí Lára Ògiri: Bí A Ṣe Tọpa Oníwáyálẹ́ẹ̀sì Kan Tó Bá Bàálù Ajubọ́ǹbù Lọ

Ẹbí tí mo fẹ́ sọ ọ̀ràn wọn yìí jẹ́ ará England. Mi ò ní dárúkọ wọn, mo sì ti yí nǹkan díẹ̀ padà nínú ìtàn wọn kí ẹnikẹ́ni má baà fìka tọ́ wọn. Mo máa ń bá àwọn ènìyàn tọpa mọ̀lẹ́bí tí ogun gbé lọ. Kì í ṣe iṣẹ́ tí à ń gbowó lé, ṣùgbọ́n àwa tí à ń ṣe é ti ń pọ̀ sí i, nílé àti lókè òkun, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wọ̀nyí ni mo sì kọ eléyìí fún. Nínú gbogbo ọ̀ràn bàálù ajubọ́ǹbù tó ti kọjá lọ́wọ́ mi, òun ló jẹ́ kó yé mi yékéyéké pé ẹni tó bá ń wá ọkùnrin kan ṣoṣo yóò ṣìnà, pé gbogbo àwọn tí wọ́n jọ wọ bàálù náà ló yẹ kéèyàn máa wá.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì ló gbé ọ̀ràn náà wá. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ọkùnrin ló ń wá, oníwáyálẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ẹni tó ń fi rédíò gba ìròyìn tó sì ń rán an, nínú bàálù ajubọ́ǹbù Lancaster, ẹni ọdún 21 nígbà tó bá ogun Hitler lọ. Bàbá yìí kò mọ̀ ọ́n rárá, wọn ò tíì bí i nígbà náà. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ kú ni wọ́n rí agolo bísíkíìtì kan nísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀. Fọ́tò kan wà níbẹ̀, àti tẹligíráàmù tí Iléeṣẹ́ Ológun Òfuurufú fi sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé ọmọ wọn kò padà dé láti ibi ìjà òru 24 mọ́jú 25 oṣù Kẹta, ọdún 1944. Lẹ́tà ọ̀gá sikúádírọ̀nù rẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ bàálù ogun tó wà, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀gá náà sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé Berlin ni wọ́n rán wọn lọ. Ìwé tó gbẹ̀yìn dé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù: nígbà tí ìròyìn kankan kò wá mọ́ láti ọ̀dọ̀ Àgbélébùú Pupa ní Geneva, ìjọba ti gbà pé ó ti kú.

Láti ìgbà náà, “ó kú sí Berlin” ni gbogbo ilé ń sọ. Nígbà tí ọ̀nà là, ìyá bàbá yìí lọ sí Berlin, sí itẹ́ òkú àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Heerstraße, níbi tó jẹ́ pé àwọn ọmọ ogun òfuurufú ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n sin síbẹ̀. Ó rìn láàárín àwọn òkúta náà láti ìlà dé ìlà, kò rí orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó padà dé, ó tún gba Runnymede lọ, lórí òkè tó kọjú sí odò Thames, níbi tí Ọbabìnrin Elizabeth ti ṣí ilé ìrántí àwọn ọmọ ogun òfuurufú ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá, ọdún 1953. Orúkọ tó lé ní 20,000 ló wà lára ògiri níbẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sí nínú wọn. Ohun tí obìnrin náà gbà títí ó fi kú ni pé ìjọba ti gbàgbé ọmọ ìyá òun. Ọmọ rẹ̀ jogún ìbínú yẹn, òun ló sì kọ́kọ́ sọ fún mi kó tó sọ nǹkan mìíràn.

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti dá a dúró. Ògiri Runnymede wà fún àwọn tí wọ́n gbéra láti Britain àti láti àríwá pẹ̀lú ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù, tí wọn ò sì ní sàréè tí a mọ̀. Ẹni tó bá ní sàréè, wọn kì í kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Nítorí náà, bí orúkọ ọmọ ogun òfuurufú tó gbéra láti Britain, tí kò sì padà, kò bá sí lára ògiri yẹn, ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni pé wọ́n ti rí i, wọ́n sì ti sin ín síbì kan. Ohun tó mú ìyá náà sunkún lọ́jọ́ yẹn, ìròyìn rere ni, bó bá jẹ́ pé ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó lè túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wá bá wa ló jẹ́ pé àìrí orúkọ ni wọ́n kà sí ìdáhùn. Kí a tó wá ohunkóhun mìíràn, ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ti wò tí wọn ò rí i, kí a sì mọ irú ẹni tí ibẹ̀ wà fún.

Ó wá ku ìdí tí àkọsílẹ̀ àwọn sàréè kò fi gbé e jáde. Àjọ tí ń tọ́jú sàréè àwọn ọmọ ogun Commonwealth, CWGC, ní ibi ìwákiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè lò lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá náà ti wá a níbẹ̀ títí ó fi sú u. Àṣé orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé kọ́ ni orúkọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Orúkọ kejì ni, èyí tí ìyá rẹ̀ yàn láàyò, ìwé ológun kò sì mọ ìyẹn. Orúkọ ìdílé wọn tún wọ́pọ̀ débi pé àwọn tó ń jẹ́ ẹ nínú àkọsílẹ̀ yẹn kò lóǹkà. Wọn ò kọ orúkọ òbí rẹ̀ síbẹ̀, torí pé àwọn òbí náà kò dá fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn ogun padà. Kò yẹ kí èyí ya ẹni tó dàgbà sílé Yorùbá lẹ́nu. Ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àjàní lè má ní Àjàní kankan nínú ìwé ẹ̀rí rẹ̀.

Tẹligíráàmù ló tú u. Wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po sí mẹ́rin fún ọdún pípẹ́, ojú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ ti fẹ́ já, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì wà lórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n gé lẹ̀ mọ́ ọn. Ojú gbogbo ẹni tó bá mú irú rẹ̀ lọ́wọ́ máa ń sáré lọ síbi tí ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ wà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dárúkọ ọmọ náà, wọ́n ti kọ nọ́ńbà oní-díjíìtì méje kan ṣáájú, nọ́ńbà iṣẹ́ ológun rẹ̀. Òun nìkan ló ni ín. Mo pa orúkọ rẹ́ nínú ibi ìwákiri CWGC, mo fi nọ́ńbà yẹn nìkan sí i, ẹnì kan ṣoṣo ló jáde. Itẹ́ òkú Reichswald Forest ló wà, lẹ́bàá ìlú Kleve, ní etí ààlà Jámánì àti Netherlands, pẹ̀lú nọ́ńbà ìlà àti nọ́ńbà òkúta.

Mo rò pé inú bàbá náà yóò dùn. Ó ní irọ́ ni. Ó ní ẹlòmíràn ni wọ́n fi orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n ìyá òun sin, nítorí láti Kleve dé Berlin tó nǹkan bí 500 kìlómítà, lẹ́tà ọ̀gá rẹ̀ sì sọ pé Berlin. Àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Ẹni tó ti gbé ìtàn kan láti kékeré kò ní jù ú nù nítorí ojú ewé kan lórí kọ̀ǹpútà, kò sì yẹ kó jù ú nù bẹ́ẹ̀. Mi ò bá a jiyàn. Mo ní kó fún mi láyè kí n lọ wo ìwé ojoojúmọ́ sikúádírọ̀nù náà.

Ìwé yẹn wà ní Ilé Àkójọ Ìwé Ìjọba Britain ní Kew, ní London, lábẹ́ àmì AIR 27. Apá kejì rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Form 541, ló wúlò jù fún irú iṣẹ́ yìí. Wọ́n to orúkọ àwọn méje tó wà nínú bàálù kọ̀ọ̀kan sábẹ́ ara wọn, wọ́n kọ nọ́ńbà bàálù, wọ́n kọ aago tí wọ́n gbéra àti aago tí wọ́n balẹ̀. Ní ìlà ti ẹni tí à ń wá, aago tí wọ́n gbéra wà níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 24. Aago ìpadà ṣófo. Wọ́n wá fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé wọn ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ látọ̀dọ̀ wọn. Lórí ojú ewé kan náà, bàálù mìíràn nínú sikúádírọ̀nù yẹn tó padà dé ròyìn pé afẹ́fẹ́ gbé wọn kúrò lójú ọ̀nà pátápátá. Gbólóhùn yẹn ló ṣí ilẹ̀kùn.

Nítorí òru yẹn kì í ṣe òru lásán nínú ìtàn àwọn ajubọ́ǹbù. Bàálù 811 ni wọ́n rán lọ sí Berlin. 72 kò padà, 44 nínú wọn jẹ́ Lancaster, 28 jẹ́ Halifax, irú bàálù ajubọ́ǹbù mìíràn. Afẹ́fẹ́ líle kan ń fẹ́ láti àríwá, ó yára ju ohun tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ sọ fún wọn kí wọ́n tó gbéra lọ fíìfíì. Ètò kan wà fún irú nǹkan báyìí: wọ́n ti yan àwọn atọ́nà kan tó já fáfá, ìyẹn àwọn tó ń ṣírò ọ̀nà fún bàálù, kí wọ́n máa wọn afẹ́fẹ́ bí wọ́n ṣe ń lọ, kí wọ́n fi wáyálẹ́ẹ̀sì rán iye rẹ̀ sílé, kí àwọn tó wà nílé pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí wọ́n sì tún un rán sí gbogbo bàálù. Iye tí wọ́n wọ̀n ju 100 máìlì lọ ní wákàtí kan. Àwọn kan nínú àwọn atọ́nà gan-an kò gba ojú ara wọn gbọ́, wọ́n dín in kù kí wọ́n tó rán an. Àwọn tó wà nílé náà kò gbà á gbọ́, wọ́n tún dín in kù. Iye tí wọ́n dín kù lẹ́ẹ̀mejì yìí ni wọ́n rán padà sínú òkùnkùn pé kí àwọn ọmọ náà fi tọ́nà.

Ẹ rántí pé oníwáyálẹ́ẹ̀sì ni ẹni tí à ń wá. Òun ló ń gba iye yẹn wọlé, tó ń kọ ọ́ sínú ìwé, tó ń nà án sí atọ́nà tó jókòó níwájú rẹ̀. Nígbà tí mo sọ èyí fún bàbá náà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó bi mí ní ìbéèrè nípa iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ń ṣe. Títí di ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ikú rẹ̀ nìkan ló mọ̀.

Ohun tí afẹ́fẹ́ náà fà ni pé bàálù ń yà sí gúúsù láìmọ̀. Bọ́ǹbù bọ́ sí abúlé àti ìlú kéékèèké tó ju ọgọ́rùn-ún lọ tí kì í ṣe Berlin. Nígbà tí wọ́n ń padà, ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ fún wọn yẹ kó gba àríwá agbègbè Ruhr kọjá, nítorí pé Ruhr ni àwọn iléeṣẹ́ irin Jámánì wà, ìbọn tí wọ́n fi ń yin bàálù láti ilẹ̀ sì pọ̀ níbẹ̀ bí iyanrìn. Afẹ́fẹ́ gbá ọ̀pọ̀ wọn lọ sórí ìbọn yẹn gan-an. Nínú 72 tó ṣubú, wọ́n gbà pé nǹkan bí 50 ló jẹ́ pé ìbọn ilẹ̀ ló mú wọn. Ẹni tó bá wo máàpù báyìí yóò rí i pé Kleve kò jìnnà sí Ruhr rárá, Reichswald sì ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ òkú tí wọ́n ti kọ́kọ́ sin káàkiri agbègbè náà jọ sí lẹ́yìn ogun. Ó lé ní 7,000 sàréè tó wà níbẹ̀. Ọ̀gá tó kọ lẹ́tà kò purọ́. Berlin ni wọ́n rán wọn lọ lóòótọ́, ìyẹn nìkan sì ni ọ̀gá náà mọ̀.

Níbi tí a dé yìí, ọ̀rẹ́ ẹbí náà kan fẹ́ bá wa yára. Ó rí àkójọ àwọn bàálù tí àwọn awakọ̀ òfuurufú Jámánì sọ pé àwọn já lulẹ̀ lóru yẹn, ó mú ọ̀kan tí aago àti agbègbè rẹ̀ súnmọ́ tiwa, ó sì ti kọ orúkọ ará Jámánì náà sínú ìtàn ìdílé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó pa wọ́n. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó pa á rẹ́. Kì í ṣe pé irú àkójọ bẹ́ẹ̀ kò wúlò. Ṣùgbọ́n nínú òru tí ìbọn ilẹ̀ mú ju bí bàálù ogun ṣe mú lọ, kí ló dé tí a ó fi bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàálù ogun? Orúkọ tí a bá kọ sínú ìwé ìdílé báyìí kì í kúrò níbẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ-ọmọ yóò máa kà á bí òótọ́.

Ọ̀nà tí mo yàn pẹ́ jù ú lọ. Mo mú orúkọ àwọn mẹ́fà tó kù lórí Form 541, mo wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta wà ní Reichswald, sàréè wọn tẹ̀lé ara wọn pẹ̀lú ti oníwáyálẹ́ẹ̀sì wa. Méjì, ìyẹn awakọ̀ òfuurufú náà àti ẹnjiníà rẹ̀, wà lára ògiri Runnymede. Ti ẹni kẹfà, èyí tó ń dojú bọ́ǹbù kọ ilẹ̀, kò sí níbì kankan nínú àkọsílẹ̀ òkú. Ẹ̀yin náà á ti mọ ohun tí ìyẹn sọ: ó yè é, wọ́n mú un lẹ́rú ogun.

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó wà ní Reichswald, oníbọn ẹ̀yìn, jẹ́ ọmọ Australia. Níhìn-ín ni ọ̀ràn náà ti yí padà. Fáìlì òkú ogun ti àwọn ọmọ Britain pọ̀ jọjọ, àpótí wọn sì ń wọ Kew díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ lèèyàn lè rí nígbà tó bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ìjọba Australia tọ́jú tiwọn sọ́tọ̀, lábẹ́ àmì A705 ní ilé àkójọ ìwé ìjọba wọn, ọ̀pọ̀ sì ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lójú ewé dé ojú ewé. Kánádà náà ṣe irú ẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn tó kú. Nínú 55,573 tó kú nínú ẹgbẹ́ ajubọ́ǹbù Britain, ọmọ Kánádà tó nǹkan bí 10,000, ọmọ Australia lé ní 3,400. Bàálù tí kò ní ẹnì kan láti òkè òkun nínú rẹ̀ kò pọ̀ tó bí a ṣe rò. Àwọn ọmọ méje jọ ṣubú, ìjọba kan kò sì lè ṣèwádìí ọ̀kan láìkọ nípa mẹ́fà tó kù. Fáìlì oníbọn ẹ̀yìn yẹn ló di fáìlì oníwáyálẹ́ẹ̀sì wa.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ẹni tó yè sọ fún àwọn aláṣẹ nígbà tó dé láti àhámọ́ ní 1945. Ó ní atọ́nà wọn ti ń ráhùn tipẹ́ pé iye afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń rán sí wọn kò bá ohun tí òun ń rí mu. Ó ní iná aṣàwárí mú wọn, ìbọn bà wọ́n, apá bàálù òsì gbiná, awakọ̀ sì ní kí gbogbo wọn bẹ́. Òun ló dùbúlẹ̀ sí imú bàálù, lórí ihò àbájáde gan-an, torí náà òun ló kọ́kọ́ jáde. Kò rí ẹlòmíràn mọ́. Ẹni tó bá ti wo inú Lancaster rí yóò mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí fún oníwáyálẹ́ẹ̀sì. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí ooru ti ń jáde ni àga rẹ̀ wà, ibi tó móoru jù nínú bàálù, tí àwọn tó kù sì ń gbọ̀n fún òtútù. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde, irin ńlá tó di apá méjèèjì bàálù mú dábùú ọ̀nà rẹ̀, àfi kó gun orí rẹ̀ kọjá, pẹ̀lú ẹ̀wù wíwúwo lọ́rùn àti iná lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Èyí tó tẹ̀lé e ni ìròyìn àwọn aṣèwádìí. Lẹ́yìn ogun, iléeṣẹ́ ológun òfuurufú Britain ní ẹ̀ka kan, MRES, tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ káàkiri Yúróòpù, tí wọ́n ń bi olórí ìlú, àlùfáà àti agbẹ́lẹ̀-ìsìnkú léèrè ibi tí wọ́n sin àwọn ọmọ wọn sí. Àwọn tí wọ́n ń wá lé ní 41,000. Òṣìṣẹ́ tó dé ìlú kékeré tí bàálù tiwa ṣubú sí ní 1947 rí sàréè ní igun ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì hú òkú ibẹ̀ láti mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Kíkà rẹ̀ le. Àmì ọrùn tí Britain fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ nígbà náà kì í ṣe irin. Fáíbà ni, ọ̀kan pupa róbótó, èkejì àwọ̀ ewé onígun mẹ́jọ. Iná ń jó wọn. Nítorí náà ohun mìíràn ni wọ́n fi ń dá òkú mọ̀: orúkọ tí alágbàfọ̀ kọ sí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà inú bàtà, ohun tó wà lápò. Ti oníwáyálẹ́ẹ̀sì wa, àjákù apá aṣọ kan ló kù tí wọ́n rán àmì iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ìkúùkù tó di mànàmáná mú, àti ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì tí díjíìtì mẹ́rin nínú nọ́ńbà rẹ̀ ṣì hàn lára rẹ̀. Oníwáyálẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo ló wà nínú bàálù náà. Bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn, bó sì ṣe ní òkúta tirẹ̀ nìyẹn.

Kí n tó fún bàbá náà ní ojú ewé wọ̀nyí, mo yọ ìròyìn híhú òkú sọ́tọ̀ sínú àpòòwé mìíràn, mo lẹ̀ ẹ́ pa, mo kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní gbólóhùn kan. Mo ní bó bá fẹ́ kó ṣí i, bí kò bá fẹ́ kó fi sínú agolo bísíkíìtì pẹ̀lú àwọn tó kù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan gbà pé gbogbo òtítọ́ ni ẹbí ní ẹ̀tọ́ sí lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò bá wọn gbà á. Ẹ̀tọ́ wọn ni lóòótọ́, àmọ́ wọ́n tún ní ẹ̀tọ́ láti yan ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kà á, ẹnìkan kì í sì lè ṣàìkà ohun tó ti kà. Ọmọbìnrin bàbá náà ló kọ́kọ́ ṣí i, kì í ṣe òun. Òun béèrè ohun kan péré: ṣé ó dájú pé ẹ̀gbọ́n ìyá òun ni? Mo fi ibi tí wọ́n ti kọ nípa àmì mànàmáná hàn án. Kò tún bá mi jiyàn Berlin mọ́.

Mo kọ̀wé sí ìlú kékeré náà ní Jámánì. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń tọ́jú ìtàn àdúgbò, fèsì pẹ̀lú fọ́tò ìwé ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọmọ ogun òfuurufú náà wà lójú ewé kan náà pẹ̀lú àwọn ará ìlú tí bọ́ǹbù pa láàárín oṣù yẹn, àti obìnrin àti ọmọdé. Mo fún ẹbí náà ní ojú ewé yẹn lódindi, mi ò gé apá tiwọn nìkan jáde. Ohun tí wọ́n bá rò nípa rẹ̀ tiwọn ni. Mi ò rò pé iṣẹ́ wa ni láti máa ti ènìyàn síbi ìlàjà. Ṣùgbọ́n bí a bá gé ìwé kí ó lè dùn ún wò, a ti kúrò nídìí iṣẹ́ wa.

Ọ̀ràn náà kan ilé wa ju bí ẹlòmíràn ṣe lè rò lọ. Lẹ́yìn tí Britain mú òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà tí wọ́n fi ń yan ọmọ ogun òfuurufú kúrò ní oṣù Kẹwàá 1939, àwọn ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wọ iṣẹ́ náà. Akin Shenbanjo fò nínú Halifax pẹ̀lú sikúádírọ̀nù 76, orúkọ tí wọ́n kọ sára bàálù wọn, “Achtung! The Black Prince”, òun ni wọ́n fi pè bẹ́ẹ̀. Peter Thomas, ọmọ oníṣòwò ńlá kan ní Èkó, di ọ́físà ní 1942, ó sì kú nínú ìjàǹbá bàálù ní 1945. Ẹ wo orúkọ yẹn: Thomas. Ẹni tó bá ń wá a láàárín àwọn Thomas ilẹ̀ Wales àti England kò ní mọ̀ láéláé pé ará Èkó ló wà lójú òun. Orúkọ àwọn Sàró àti Àgùdà ń sá pamọ́ báyìí nínú ìwé ogun. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí yín bá ní tẹligíráàmù, ìwé owó ìfẹ̀yìntì tàbí lẹ́tà kan láti ìgbà náà, nọ́ńbà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Kí ẹ sì wá àwọn tí wọ́n jọ wọ bàálù. Òbí ọmọ Èkó lè má gba ìwé kankan, kí fáìlì ọmọ Kánádà tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì kún fọ́fọ́.

Ọ̀ràn náà kò tíì parí. Ní ìlà kan náà tí àwọn mẹ́rin wa wà ní Reichswald, òkúta kan wà tí kò ní orúkọ, tí wọ́n kàn kọ sí i pé ọmọ ogun òfuurufú ni, pẹ̀lú ọjọ́ ikú kan náà. Ìwé ìkójọpọ̀ sàréè ti CWGC fi hàn pé ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n ti gbé e wá. Ẹnu ẹbí awakọ̀ náà àti ti ẹnjiníà ti kò pẹ̀lú bàbá yìí pé kí a gbé e lọ bá ẹ̀ka Iléeṣẹ́ Ààbò Britain tí wọ́n ń pè ní JCCC, tí wọ́n máa ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì lè pàṣẹ kí wọ́n kọ orúkọ sára òkúta. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù. Bàálù mìíràn ṣubú nítòsí ìlú kan náà lóru yẹn, àwọn méjì nínú rẹ̀ sì wà lára ògiri Runnymede, nítorí náà ẹni mẹ́rin ni òkúta yẹn lè jẹ́ tirẹ̀. Ọmọ Kánádà kan wà nínú bàálù kejì náà. Fáìlì tirẹ̀ la ń kà lọ́wọ́ báyìí.